Ògiri Ni Tàbí Oníbodè? Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Orúkọ àti Àbùkù Ẹ̀rọ tí ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí orí ọmọ ènìyàn nìkan. Ẹ̀rọ tí ó ti òkè òkun dé pẹ̀lú orúkọ tí àwọn tí ó ṣe é fún un ní ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ènìyàn bá kàn gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ inú èdè Yorùbá láìwo ilé tí ó ti wá, àfàìmọ̀ kí orúkọ náà má fi ohun tí ó yẹ ní mímọ̀ pamọ́ fún un. Irú orúkọ kan bẹ́ẹ̀ ni bébà yìí gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ilé ìfowópamọ́, yunifásítì, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ ìjọba máa ń gbé sí ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà tiwọn ti pàdé íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ gbogbo ohun tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde wò, kí ó jẹ́ kí èyí tí ó ní àṣẹ kọjá, kí ó sì dá èyí tí kò ní àṣẹ padà. Firewall ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò pè é ní ògiri iná.

Ohun tí bébà yìí dúró lé ni pé orúkọ náà kò bá ìwà ohun tí ó ń jẹ́ ẹ mu, àti pé àìbáramu yìí ní ewu nínú. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ògiri. Oníbodè ni. Ògiri kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni oníbodè fi ń ṣiṣẹ́: yóò béèrè, wọn yóò dáhùn, yóò gbà wọ́n gbọ́ tàbí kí ó má gbà wọ́n gbọ́. Nínú àbùkù mẹ́ta tí ó di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2015, 2022 àti 2024, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti gbẹ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n bá oníbodè sọ, oníbodè sì ṣílẹ̀kùn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ohun tí ó lè sọ nípa rẹ̀.

2.0 Ibi tí orúkọ náà ti wá

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn kọ́lékọ́lé ti ní ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ògiri tí wọ́n mọ sí àárín ilé méjì tàbí yàrá méjì ni, kí iná tí ó bá ṣẹ́ ní ìhà kan má baà ràn dé ìhà kejì. Èyí fi hàn pé 'ògiri iná' gan-an kò tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'ògiri iná' yóò rò pé ògiri tí ń jó ni, tàbí ògiri tí wọ́n fi iná mọ. Ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé ní lọ́kàn ni ògiri adáná-dúró. Nítorí náà, àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ìtumọ̀ ojú ẹsẹ̀ yìí: ó ṣi orúkọ náà túmọ̀, orúkọ tí ó sì ṣì túmọ̀ náà kò tọ́ sí ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí ó di mímọ̀ pé ògiri nìkan kọ́ ni àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ní lẹ́nu. Ní 2 Oṣù Kọkànlá 1988, ètò kan tí ń dá ara rẹ̀ tàn kálẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kòkòrò Morris, kọlu ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ààbò wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Nígbà tí William Cheswick ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs kọ bébà lórí ẹ̀rọ tí ó ṣe láti dáàbò bo kọ̀ǹpútà ibiṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1990, gateway ni ó lò nínú àkọlé rẹ̀, ìyẹn ẹnubodè. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan náà pẹ̀lú Steven Bellovin gbé odindi ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1994, firewall ni ó gba iwájú àkọlé. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ wà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn-ò-rẹyìn ògiri ni ó borí lẹ́nu àwọn oníṣòwò àti àwọn ará ìlú.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Cheswick fúnra rẹ̀ ti rí àléébù inú ìrònú ògiri nínú bébà 1990 náà. Ó fi ilé tí gbogbo ààbò rẹ̀ wà ní ìta wé oúnjẹ tí èèpo rẹ̀ le koránkorán, tí inú rẹ̀ sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Ìkìlọ̀ yìí kò bá orúkọ náà rìn. Ògiri ni ó rìn káyé, ìkìlọ̀ jókòó sílé.

3.0 Odi, ẹnubodè àti oníbodè nínú ìrònú Yorùbá

Ọ̀rọ̀ odi kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ìlú ńláńlá ní odi tí wọ́n fi amọ̀ mọ, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí i ká. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa odi, ẹnubodè àti owó ibodè nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ odi mọ̀ dájú pé odi nìkan kò tó. Ìlú tí odi rẹ̀ kò bá ní ẹnu, ebi ni yóò pa ará ibẹ̀: àgbẹ̀ kò ní lè lọ sóko, aláròóbọ̀ kò ní lè kẹ́rù wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá ẹnu sí odi, tí wọ́n sì ń fi oníbodè sí i. Níbi tí odi ti parí ni iṣẹ́ oníbodè ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ oníbodè yàtọ̀ pátápátá sí ti odi. Oníbodè ń béèrè: níbo lo ti ń bọ̀, ta ni o ń wá lọ, kí ni o rù? Àní nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ìwáyé, Oníbodè wà láàárín ọ̀run àti ayé, tí ẹni tí ń bọ̀ wá sáyé gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó yàn sí létí kí ó tó kọjá. Kò sí ibi tí a ti gbọ́ pé ògiri béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ibi ìsọ̀rọ̀ ni ẹnubodè jẹ́ nínú ìrònú Yorùbá.

Àwọn kan lè fi òwe ta ko èyí, kí wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe náà dára, ó sì dà bí ẹni pé ó ti orúkọ ògiri lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ dáadáa. Nínú òwe yìí, ògiri ni ó lanu fúnra rẹ̀: òjò ti rọ̀ sí i, oòrùn ti pa á, ó sán. Kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tí bébà yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n dá ẹnu sí i ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá a. Ẹnu méjì ni ó sì ní. Èkíní ni èyí tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Èkejì ni ilẹ̀kùn alábòójútó, tí ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà máa ń gbà wọlé láti yí òfin tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé padà. Ilẹ̀kùn kejì yìí ni olè ń fẹ́ jù, nítorí ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ti kúrò ní àlejò. Ó ti di ọ̀gá oníbodè.

4.0 Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ṣílẹ̀kùn

Ọ̀nà ìtúpalẹ̀ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ gbà níhìn-ín ni kí ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún oníbodè gan-an, kí ó sì bi í léèrè irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́.

4.1 Ọ̀rọ̀ tí ó díbọ́n

Ní 17 Oṣù Kejìlá 2015, ilé-iṣẹ́ Juniper kéde pé nígbà tí àwọn ń yẹ ètò ScreenOS wò, ìyẹn ètò tí ń darí àwọn ẹ̀rọ NetScreen, àwọn bá kóòdù tí kò ní àṣẹ nínú rẹ̀. Ohun méjì ni kóòdù náà wà fún. Ọ̀kan lè jẹ́ kí ẹni tí ó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀ tú ìsọfúnni tí wọ́n ti fi àdììtú bò. Èkejì, tí ó kan bébà yìí jù, jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ kan wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ètò 6.3.0r17 títí dé 6.3.0r20 ni ó ní àbùkù kejì yìí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn olùwádìí fi rí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé e jáde. Òun nìyí:

<<< %s(un='%s') = %u

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yóò rí i bí ọ̀rọ̀ wèrè. Ọmọ iṣẹ́ yóò rí i bí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n náà wà. Bí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bá ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n máa ń fi àkọsílẹ̀ kékeré há inú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa sọ bí iṣẹ́ ti ń lọ fún wọn. Nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, %s dúró fún àyè tí ọ̀rọ̀ yóò wọ̀, %u sì dúró fún àyè òǹkà. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn yìí kalẹ̀ wọ̀ ọ́ ní aṣọ àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òǹkàwé tí ń kánjú lè fi ojú fò ó.

Ó dára kí a fi èyí wé ẹnà. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí àwọn méjì ń fọ ẹnà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún òun, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnà ń bo ìtumọ̀, kò bo ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún 2015 yìí bo ara rẹ̀. Ó fara jọ ìlò èdè àwọn ará ilé débi pé kò sí ẹni tí ó bi í léèrè orúkọ. Ẹni tí wọ́n ní kí ó kín ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Orúkọ aṣàmúlò yòówù tí ẹ̀rọ náà bá ti mọ̀, bí wọ́n bá ti pe ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á gbé gbogbo àṣẹ lé wọn lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tún kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá mọṣẹ́ dáadáa lè pa àmì ìwọlé rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Oníbodè ṣílẹ̀kùn, ó sì tún fún àlejò ní ìwé ibodè kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

4.2 Ọ̀rọ̀ tí ó pe ara rẹ̀ ní ará ilé

Ní Oṣù Kẹwàá 2022, ilé-iṣẹ́ Fortinet kéde àbùkù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2022-40684, tí ó kan FortiOS, FortiProxy àti FortiSwitchManager. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí àlejò ń ṣe ni kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí ó fi ránṣẹ́ pé láti 127.0.0.1 ni ìwé náà ti wá, kí ó sì fi orúkọ Report Runner ránṣẹ́. 127.0.0.1 ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀. Report Runner sì jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ abẹ́lé ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ rò pé òun ni òun ń bá ara òun sọ̀rọ̀, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ọ̀kan nínú ohun tí àlejò sì lè ṣe ni kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lé orí orúkọ alábòójútó, kí ó lè máa padà wá nígbà tí ó bá wù ú.

Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ Yorùbá ti mọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Nínú àlọ́ Ajá àti Ìjàpá, ìyàn mú, Ajá sì gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, yóò lọ kọrin, ìyá rẹ̀ yóò sì ta okùn sílẹ̀ fà á lọ sókè. Ìjàpá kọ́ orin náà. Ní ọjọ́ kan ó dá lọ, ó kọ ọ́, okùn sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ń ṣe àlàyé àlọ́ yìí máa ń gbájú mọ́ ọ̀kánjúwà Ìjàpá. Òótọ́ ni pé ọ̀kánjúwà ni, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fa okùn, ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Ìyá Ajá fi orin rọ́pò ọmọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ni ó gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọmọ òun ni ó dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ọdún 2022 ṣe. Ó fi ohun tí àlejò sọ nípa ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ẹni tí àlejò jẹ́.

Ohun tí ó gba ìyá náà sílẹ̀ ṣe pàtàkì. Ajá dé bá Ìjàpá lójú okùn, ó pariwo pé kí ìyá òun gé e. Ẹni tí ó wà ní ìta, tí kò sí lábẹ́ agbára orin náà, ni ó rí i. Ẹ̀kọ́ èyí yóò tún jẹ yọ níwájú.

4.3 Ọ̀rọ̀ tí ó ní kí wọ́n má bi òun

Ní 18 Oṣù Kọkànlá 2024, ilé-iṣẹ́ Palo Alto Networks kéde àbùkù CVE-2024-0012 nínú ètò PAN-OS. Kò pẹ́ sí i tí àwọn olùwádìí ṣàlàyé bí ó ti rí. Àkọsílẹ̀ kan wà tí ẹ̀rọ náà máa ń lò lábẹ́lé láti sọ bóyá kí wọ́n yẹ ẹni tí ń bọ̀ wò tàbí kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí àlejò ń ṣe kò ju kí ó fúnra rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ náà sára ìwé tirẹ̀ lọ:

X-PAN-AUTHCHECK: off

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 'ẹ pa àyẹ̀wò tì'. Ẹ̀rọ sì pa á tì. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni ó rọrùn jù lọ, òun náà ni ó sì yẹ kí ó dun ènìyàn jù lọ. Ẹni ọdún 2015 ní àṣírí kan tí ó mọ̀. Ẹni ọdún 2022 purọ́ ẹni tí òun jẹ́. Ẹni ọdún 2024 kò mọ àṣírí, kò sì purọ́ orúkọ. Ó pàṣẹ fún oníbodè kí ó má ṣe iṣẹ́ rẹ̀, oníbodè sì gbọ́. Àlejò di ẹni tí ń fún ara rẹ̀ láṣẹ.

5.0 Èdè ìkéde

Bí ìwà àwọn àbùkù wọ̀nyí bá ti hàn, ó kù kí lámèyítọ́ wo èdè tí wọ́n fi kéde wọn. Ní ọdún 2022 àti 2024, authentication bypass ni ìkéde méjèèjì pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bypass ni kí ènìyàn yà bàrá, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ojú ẹni tí ń rò nípa ògiri ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí: ògiri dúró gbọn-in, olè sì wá ọ̀nà yí i ká. Ṣùgbọ́n ìtúpalẹ̀ òkè yìí fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí ohunkóhun ká. Iwájú oníbodè gan-an ni àlejò lọ, ó bá a sọ̀rọ̀, oníbodè sì gbà. Bí wọ́n bá pè é ní ìyíkọjá, ẹ̀bi á lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yí kọjá. Bí wọ́n bá pè é ní ìgbàláàyè, ìbéèrè á dìde: ta ni ó kọ́ oníbodè pé kí ó máa gbà bẹ́ẹ̀?

Ìkéde ọdún 2015 ní àléébù tirẹ̀, tí gírámà Yorùbá sì lè tú fó. Unauthorized code ni gbólóhùn tí wọ́n lò. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn náà lè dúró láìní olùwà: kóòdù kan wà, kò ní àṣẹ, ó parí. Bí ènìyàn bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, èdè yóò béèrè olùwà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ní láti sọ pé 'kóòdù tí wọn kò fún ní àṣẹ' tàbí 'kóòdù tí ẹnì kan kọ láìgba àṣẹ'. Ní kété tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, olùgbọ́ yóò béèrè pé àwọn wo ni 'wọn', ta sì ni 'ẹnì kan'. Ìkéde náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò lè fi nǹkan pamọ́. 'Wọ́n ní, wọ́n pé' ń pamọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó fi àyè olùwà sílẹ̀ gedegbe, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé àyè náà ṣófo.

Òṣùwọ̀n kan sì wà tí ó ti pẹ́. Ní ọdún 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder gbé ìlànà mẹ́jọ kalẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ètò ààbò kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni pé gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun ni kí wọ́n yẹ àṣẹ rẹ̀ wò, láìsí ìyọsílẹ̀. Òmíràn ni pé kíkọ̀ ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀, kí gbígbà jẹ́ ohun tí ó nílò ìdí. Ìlànà kìíní ni ẹ̀rọ ọdún 2022 rú nígbà tí ó yọ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ará ilé sílẹ̀. Ìlànà méjèèjì ni ti ọdún 2024 rú. Ìlànà náà ti pé ogójì ọdún ó lé kí èyíkéyìí nínú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí tó di mímọ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìmọ̀ ni kò tíì dé ibẹ̀.

6.0 Àtakò méjì

Àtakò kìíní ni pé orúkọ kò ro nǹkan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ iṣẹ́ wọn; yálà wọ́n pe ẹ̀rọ ní ògiri tàbí wọ́n pè é ní oníbodè, bákan náà ni yóò ṣiṣẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Orúkọ kọ́ ni ó kọ kóòdù tí ó ní àbùkù. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ń pinnu bí wọn yóò ti lo ẹ̀rọ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí owó rẹ̀ wà níbẹ̀, akápò yunifásítì wà níbẹ̀, alábòójútó tí ó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ti mọ ògiri, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sùn. Ní ọdún 2022 àti ní ọdún 2024, ìmọ̀ràn tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ jọra: kí wọ́n ti ilẹ̀kùn alábòójútó mọ́ ará ìta, kí ó jẹ́ pé ibi tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán nìkan ni ènìyàn yóò ti lè kan án. Ní 16 Oṣù Kẹwàá 2023 bákan náà, nígbà tí Cisco kéde àbùkù nínú ojú ìwé ìtọ́jú IOS XE, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni kí wọ́n pa ojú ìwé náà lórí ẹ̀rọ tó bá kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti wọ̀ nígbà náà ju 10,000 lọ. Gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí ni ẹnì kan ti ṣí sí títì gbangba tẹ́lẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé oníbodè ni òun gbà sí iṣẹ́ kò ní fi yàrá oníbodè sí ojú ọjà.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè ní oníbodè gan-an kì í ṣe ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó lè gba rìbá, ó lè sùn, ó lè ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn olè. Kí ni ìdí tí wọn yóò fi gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀rọ ààbò? Ìdáhùn ni pé èyí gan-an ni àǹfààní orúkọ náà. Ìfura bá a wá. Kò sí ẹni tí ń béèrè bóyá ògiri gba rìbá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe nǹkan ní oníbodè, gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e: ta ni ó fi í síbẹ̀, ta ni ó ń ṣọ́ ọ, ta ni ó ní ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́?

Síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gbà pé àfiwé náà ní ibi tí ó mọ. Oníbodè ènìyàn ní ojú. Ó lè mọ ìwo ojú ẹni tí ń gbọ̀n, ó sì lè kọ̀ fún ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ṣùgbọ́n tí ìrìn rẹ̀ kò mọ́. Ẹ̀rọ kò ní ojú bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni yóò ṣe. Nítorí náà, bí oníbodè ẹ̀rọ bá ṣìnà, kì í ṣe oníbodè ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá wí, bí kò ṣe ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìdáhùn. Lámèyítọ́ tí ó bá gbàgbé èyí yóò kàn gbé ẹ̀bi kúrò lórí ògiri lọ sórí oníbodè ni, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ yóò sì tún lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, àti pé àwọn àbùkù tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ àbùkù ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ tí ó díbọ́n, ọ̀rọ̀ tí ó pe ara rẹ̀ ní ará ilé, ọ̀rọ̀ tí ó ní kí wọ́n má bi òun. Ó tún fi hàn pé èdè ìkéde máa ń sọ ìgbàláàyè di ìyíkọjá, ó sì máa ń fi olùwà pamọ́.

Àbá mẹ́ta ni ó ti inú rẹ̀ jáde. Èkíní, kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí ní èdè Yorùbá fi 'ògiri iná' sílẹ̀, kí wọ́n sì lo 'ẹ̀rọ oníbodè'. Èkejì, kí ẹni tí ó bá ń kọ nípa irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá má ṣe túmọ̀ ìkéde bí ó ti wà, kí ó wá olùwà gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kàn. Bí olùwà kò bá sí, kí ó sọ ọ́ gbangba pé kò sí. Ẹ̀kẹta kan àwọn tí ó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, inú àlọ́ Ajá sì ni ó ti wá: kí ìwé àkọsílẹ̀ oníbodè má wà lọ́wọ́ oníbodè nìkan. Kí ẹlòmíràn máa kà á ní ibòmíràn, níbi tí orin àlejò kò lè dé, nítorí ìyá Ajá kò lè dá mọ̀ láti òkè pé Ìjàpá ni ó wà lẹ́nu okùn.